Ọdún Tí Wọ́n Fi Ìlù Àǹtí Mojí Jiyàn

Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, gbogbo ọ̀sán Sátidé ni àwọn àgbà ọkùnrin méjì máa ń bú ara wọn ní iwájú ilé tó kọjú sí tiwa ní Hillcrest Heights, ìlú kékeré kan nítòsí Washington ní Amẹ́ríkà, nítorí ìlù àwọn ọmọdé. Mista Harold ló ni ilé náà. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò sì fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìlù, á dìde dúró láìmú ọ̀pá. Nígbà èwe rẹ̀, ó wà nínú ẹgbẹ́ onílù kan tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ ń wọ aṣọ pupa, tí wọ́n ń so ìlù mọ́ àyà, tí wọ́n ń yan lójú títì bí ọmọ ogun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mista Leon, tó jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú tẹ́lẹ̀, wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn tó ń wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn: nínú gbogbo ẹgbẹ́ onílù ọmọdé tó ti wà ní agbègbè wa rí, láti ẹnu ààlà Washington títí dé Suitland àti kọjá ibẹ̀, èwo ló dára jù lọ? “Ariwo lásán ni yín,” Mista Leon á wí, “ẹ máa ń lu ìlù bí ẹni ń lé adìyẹ.” Mista Harold á dáhùn pé, “Ẹ̀yin gan-an ni adìyẹ náà, torí ẹ máa ń sá fún wa.” Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, máa ń ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun lójú fèrèsé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Yorùbá ni gbogbo rẹ̀ fi wà lórí mi títí di òní. Ìyá Àgbà kò lè pe orúkọ òyìnbó àwọn ẹgbẹ́ náà, ló bá sọ wọ́n ní Aláṣọ Pupa àti Aláṣọ Ewé. “Ìlù ọmọdé,” ó máa ń wí, tí á mi orí, “tí irùngbọ̀n àwọn méjèèjì ti funfun báyìí.”

Ilé tiwa kì í dákẹ́. Dádì á kọ́kọ́ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, á tan rédíò ìròyìn, lẹ́yìn náà ni a ó gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò, kò, kò, bí ẹni ń kan ìṣó. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Suitland ló ti ń ṣiṣẹ́, ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ títí tí á fi jẹun alẹ́ tán. Mọ́mì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ẹni tó jẹ́ pé tó bá wọlé, á bọ́ bàtà funfun rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á sì dúró fún ìṣẹ́jú kan láìsọ̀rọ̀ kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ìyá Àgbà wá kí wa láti Ìbàdàn fún oṣù mẹ́fà, ó sì lò ju ọdún kan lọ. Òun àti èmi la máa ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín ní àárọ̀ Sátidé nínú báásìnì ńlá, èèpo ẹ̀wà á léfòó, á ní kí n dà á nù pẹ̀lẹ́, kí n má da ẹ̀wà mọ́ ọn. Fọ́ìlì la fi ń dì í nítorí kò sí ewé, Ìyá Àgbà kò sì dákẹ́ ìráhùn lórí fọ́ìlì yẹn lọ́jọ́ kan. Bí mo bá ń kánjú, á ní, “Yétúndé, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Ọkọ̀ òfúrufú á máa sọ̀kalẹ̀ lókè orí wa lọ sí pápákọ̀ òfúrufú tó wà ní òdìkejì odò, àwo á máa dún lọ́wọ́ Mọ́mì, òróró á máa hó lábẹ́ ẹran tọlọtọlọ, gbogbo rẹ̀ á sì papọ̀ mọ́ ariwo àwọn àgbà méjì tó ń jà nítorí ohun tó ti kọjá kí wọ́n tó bí wa.

Lẹ́yìn náà ni ìlù wọ inú ilé tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Mojí, fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Ìyá Àgbà ló ní mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ lásán, pé ilẹ̀ òyìnbó kò sọ ẹ̀gbọ́n di ẹgbẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ilé-ìwé, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ onílù tí Mísì Loretta ń kọ́ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí ilé. Mísì Loretta ga, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló ń wà fún jíjẹ mímu. Aṣọ búlúù ni wọ́n ń wọ̀, Ìyá Àgbà sì ti rí orúkọ fún wọn kí ọ̀sẹ̀ kan tó parí: Aláṣọ Búlúù. Ìlù snare ni wọ́n gbé fún Àǹtí Mojí, ìlù pẹlẹbẹ tí okùn irin tín-ín-rín wà lábẹ́ rẹ̀, tó fi ń dún ṣàràrà bí òjò lórí páànù. Nísàlẹ̀ ilé, ní bésímẹ́ǹtì, ló ti máa ń kọ́ ọ, níbi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wa wà. Ẹ̀rọ náà ti gbó. Bí a bá kó àwọn ìró ńláńlá Ìyá Àgbà sínú rẹ̀, tó bá di ìgbà tó ń yí omi kúrò lára aṣọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fò: gìdì-gbà, gìdì-gìdì-gbà. Iṣẹ́ Àǹtí Mojí ni láti jókòó lé e lórí kó má baà rìn kúrò lára ògiri. Ó jókòó lé e títí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ìlù dá a lóhùn, igi méjì lórí rọ́bà tó gbé lé itan. Nígbà tí òtútù fi máa lọ, ó ti sọ fífò ẹ̀rọ yẹn di ìlù gidi, ó lù ú fún Mísì Loretta, Mísì Loretta sì ní kó tún un lù. Ó tún un lù. Obìnrin náà ní Àǹtí Mojí nìkan ni yóò máa lu ibẹ̀ nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá dákẹ́. Mo gbọ́ ìlù yẹn ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì náà, ara mi sì bù máṣọ. Ohun tó ń da ilé wa láàmú ni, ó sì ti wá di ohun tí àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógún ń dákẹ́ fún.

Kí a sọ òtítọ́, Dádì kò fẹ́ ẹ láti ọjọ́ kìíní. “Ṣé kí ẹ lè di onílù ni mo ṣe kó yín wá sí Amẹ́ríkà?” Ohun tó sọ nìyẹn, pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Fámásísì ló ti pinnu pé Àǹtí Mojí yóò dà. Ó gbà pé kó máa lù ú bí kò bá ti sí máàkì tó kéré ju B lọ nínú ìwé èsì ilé-ìwé rẹ̀. Àwọn tó ń jiyàn lójúde Mista Harold, ẹ̀rín ló máa ń fi wọ́n rín. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán kan nígbà tí òdòdó ti ń yọ, Mista Harold pe Dádì kọjá títì. Ó sọ fún un pé òun ti lọ gbọ́ àwọn Aláṣọ Búlúù, pé ọmọbìnrin rẹ̀ yìí, òun kò gbọ́ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti fi ìlù sílẹ̀. Mista Leon pàápàá gbà, ẹni tí kì í gba nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni Dádì ti di ẹni kẹta nínú àríyànjiyàn náà. Ó gbé àga tirẹ̀ lọ síbẹ̀. Bàbá tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín snare àti garawa, òun ló wá ń fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀yin àgbà, ìgbà yín ti lọ, àwọn Aláṣọ Búlúù ló dára jù nínú ìtàn agbègbè yìí, ẹ dúró dìgbà ìdíje àwọn ẹgbẹ́ onílù ní oṣù kẹfà. Bó bá sì padà wọlé, kò ní sọ ọ̀kan nínú rẹ̀ fún Àǹtí Mojí. Ohun tó ń sọ fún un ni pé, “Kẹ́mísìrì ńkọ́?” Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nìyẹn, kí gbogbo ìyókù tó ṣẹlẹ̀: ìyìn ọmọ rẹ̀ kò ṣòro fún un láti sọ lójúde ẹlòmíràn.

Èmi náà ní ọ̀rọ̀ tèmi, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ níbi tó yẹ. Ní oṣù karùn-ún, àwọn Aláṣọ Búlúù fẹ́ lọ yan ní Baltimore. Mísì Loretta ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan dání nínú bọ́ọ̀sì. Èmi ni mò ń lọ aṣọ búlúù Àǹtí Mojí láti ìgbà òtútù, èmi ni mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ nu bọ́tìnnì rẹ̀. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ilé-ìwé. Nígbà tí mo bi í, ó ní, “Yétú, o ti kéré jù, wàá kàn máa da mí láàmú.” Mo dúró lójú fèrèsé títí bọ́ọ̀sì náà fi yà ní igun títì. Lọ́sẹ̀ kejì ni ìwé èsì ilé-ìwé rẹ̀ dé, mo sì mọ̀ nítorí pé inú yàrá kan náà là ń sùn. Ó gba D nínú Kẹ́mísìrì. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ó fẹ́ tún ìdánwò náà ṣe kí Dádì tó bi í léèrè, olùkọ́ rẹ̀ sì ti gbà fún un. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin wo mátírẹ́ẹ̀sì yẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, tó ku ọ̀túnla kí ìdíje wáyé, mo yọ ọ́, mo tẹ́ ẹ kó gún, mo gbé e lé orí Bíbélì Dádì nínú pálọ̀. N kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ bá Ìyá Àgbà nínú kíṣìnnì, mo ń bá a já ẹ̀fọ́.

Dádì kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, bóyá ì bá rọ ilé lọ́rùn. Ó ka ìwé náà lórí ìdúró, ó pe Àǹtí Mojí, ó ní, “Kí ni a jọ sọ?” Àǹtí Mojí ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo máa tún un ṣe lọ́jọ́ Tuesday. Ẹ jẹ́ kí ìdíje kọjá. Tó bá kọjá, mi ò ní fọwọ́ kan ìlù mọ́ tí ẹ bá ní kí n má fọwọ́ kàn án.” Ó kúnlẹ̀. Mọ́mì jáde wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ní, “Bàbá Mojí, ọjọ́ méjì péré ló kù. Ẹ ro ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù.” Dádì ní ọmọ òun nìkan ni òun bí. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí bésímẹ́ǹtì, ó gbé ìlù náà, ó sì gbé igi méjèèjì, ó kó wọn sí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ní kí èmi wọlé sọ́kọ̀ kí n lè di ìlù náà mú kó má baà yí gbiri. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà níbẹ̀ nígbà tí Mísì Loretta ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀.

“Ọ̀gá,” Mísì Loretta wí, nígbà tó gbọ́ ọ tán, “kò sí ẹlòmíràn tó lè lu ibẹ̀. Òun ló dá a. Ẹ bínú sí i, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bínú sí i lọ́jọ́ Àìkú.”

“Ìpinnu ilé mi ni, Mà.”

“Ọmọ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, ọ̀gá. Kì í ṣe ilé yín nìkan.”

Dádì gbé ìlù náà kalẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà. Ó kí i pé ó dàárọ̀, bí ẹni tó wá san owó iná. Mo rí ojú Mísì Loretta. Kò wò ó mọ́, èmi ló ń wò, bíi pé mo lè ṣe nǹkan kan. N kò ṣe nǹkan kan.

Ní Sátidé yẹn, Dádì mú Àǹtí Mojí jókòó sí tábìlì oúnjẹ pẹ̀lú ìwé Kẹ́mísìrì níwájú rẹ̀. Bí ó ti di nǹkan bí aago mẹ́wàá, bọ́ọ̀sì yà wọ títì wa. Mísì Loretta ló ń wà á, àwọn ọmọ aláṣọ búlúù sì kún inú rẹ̀. Ó dúró síwájú ilé wa gan-an. Ó fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Dádì lọ dúró lójú fèrèsé, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyá Àgbà dìde nídìí báásìnì ẹ̀wà, ó ní, “Àkànní, mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ bàbá tó bí ọ. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Tòsì tìrẹ dà?” Dádì ní, “Màmá, ẹ kò mọ bí nǹkan ṣe rí níbí.” Àǹtí Mojí kò gbé ojú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìwé náà, wọn kò mì. Bọ́ọ̀sì náà dúró pẹ́, ó pẹ́ débi pé Mista Harold jáde wá sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì lọ. Mista Harold, tó lọ wo ìdíje náà, ló wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó kan ibi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń dákẹ́, ọmọ kékeré kan gbìyànjú rẹ̀, igi ìlù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí pápá níwájú gbogbo ayé. Ipò kejì ni wọ́n ṣe. Máàkì tí wọ́n fi ju wọ́n lọ kò tó nǹkan. Mo gbọ́ ọ, mo sì wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Mo bínú sí Dádì débi pé eyín mi ń dun mí. Ìbínú yẹn wúlò fún mi púpọ̀ o. Ó gba gbogbo àyè inú mi, kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ohun mìíràn.

Àǹtí Mojí gbà pé Mọ́mì ló rí ìwé náà nígbà tó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kò bá a jà. Ó kàn dẹ́kun jíjẹ oúnjẹ tí Mọ́mì bá bù fún un, á lọ bu tirẹ̀ nínú ìkòkò. Bí Mọ́mì bá kí i, á dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ kan tí a ń ká aṣọ, Mọ́mì wò mí, ó ní, “Yétúndé, ta ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá yín?” Mo ní èmi ni. Ó ní, “Ẹn-ẹn.” Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé òmíràn. Títí di òní, kò tíì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ óò rò pé Dádì yóò gbé àga rẹ̀ kúrò lójúde Mista Harold. Ó gbé e kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ó padà. Nígbà tí ewé ti ń wọ́, Mista Harold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kan fún ọ̀sán Sátidé kan, kí wọ́n lè jiyàn náà tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ní agbẹnusọ, àwọn ènìyàn yóò sì na ọwọ́ sókè fún ẹgbẹ́ tó dára jù. Wọ́n to fọ́tò àtijọ́ sórí tábìlì, ife ẹ̀yẹ tó ti pọ́n, aṣọ pupa kan tí kòkòrò ti jẹ apá rẹ̀. Mista Harold sọ̀rọ̀ fún Aláṣọ Pupa, ó sọ ti ọjọ́ tí òjò lù wọ́n lójú títì tí ẹnìkan kò sì fi ìlà sílẹ̀. Mista Leon sọ̀rọ̀ fún Aláṣọ Ewé, ó kọrin sí i, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan Aláṣọ Búlúù, Mísì Loretta ní òun kò ní ọ̀rọ̀. Dádì bá dìde. Kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló wọ̀. Gbogbo wa wà níbẹ̀, nítorí ó ní kí gbogbo wa wá, Àǹtí Mojí jókòó sí ìparí ìlà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Mo gbọdọ̀ gbà pé ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó sọ bí ìlù náà ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Inú ilé mi ni wọ́n ti bí ìlù yẹn. Èmi ni mo gba ọmọ náà níyànjú láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ pé àìsàn dá a dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje, kò sí ẹni tí ì bá tún máa jiyàn níbí lónìí.”

N kò mọ ẹni tó gbé mi dìde. Nínú ilé wa, ọmọ kì í sọ fún àgbà pé ó purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, èèwọ̀ ni. Mo ní, “Dádì, kò ṣàìsàn. Ẹ̀yin lẹ gbé ìlù rẹ̀ padà. Ẹ ní kó jókòó sídìí tábìlì. Bọ́ọ̀sì dúró síwájú ilé, ẹ sì ń wò ó.” Mọ́mì fa aṣọ mi. Ìyá Àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi, ó ní, “Fi í sílẹ̀, jẹ́ kó sọ ọ́.” Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, àfi ibi tó kan èmi fúnra mi. Dádì ní ọmọdé ni, kò yé e. Mísì Loretta wá sọ̀rọ̀ láti ibi tó jókòó sí, ohùn rẹ̀ kò ga: “Ẹnu ọ̀nà mi ló gbé e sí, ọ̀gá. Mo wà níbẹ̀.”

Mista Harold ni ojú tì jù lọ nínú gbogbo wa, mo rò. Ó wá ohun tó lè fi tún un ṣe. Ó mú igi ìlù méjì lórí tábìlì, ó sún ìlù kan síwájú, ó ní kí Àǹtí Mojí wá lù ú níbẹ̀, kí gbogbo ènìyàn fetí ara wọn gbọ́, kí wọ́n tó na ọwọ́. Gbogbo ojú yí sí i. Ó dìde. Mo rò pé ó ń lọ síbi ìlù náà, Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ kó lọ tó. Ó ní, “Rárá, sà. Ẹ ṣeun. Àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógún ló yan láìsí èmi. Àwọn ni kí ẹ dìbò fún, tàbí kí ẹ má dìbò. Èmi kì í ṣe ẹ̀rí ẹnikẹ́ni.” Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì jáde lọ sídìí ọkọ̀. Wọ́n na ọwọ́, Aláṣọ Pupa ló wọlé. Mista Harold kò yọ̀. Nígbà tí à ń padà sílé, Dádì wò mí nínú dígí ọkọ̀, ó ní, “O dójú tì mí láàárín àwọn ènìyàn.” Ìyá Àgbà ló dá a lóhùn: “Ojú tó yẹ kó ti tì ọ́ láti oṣù kẹfà ni.” Àǹtí Mojí kò lu ìlù mọ́ láti ọjọ́ tí Dádì ti gbé e kúrò nílé títí di ìsinsìnyí. Ó di fámásísì, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ó jìnnà. Ó máa ń pe Dádì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mọ́mì, ọjọ́ ìbí rẹ̀ nìkan ló máa ń pè é.

Mista Harold ti kú báyìí, Ìyá Àgbà náà ti lọ. Wọ́n ti kọ́ ilé ìtura àti ilé tẹ́tẹ́ sí etí odò níbi tó jẹ́ igbó nígbà yẹn. Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí àwọn òbí mi, mo bá Dádì lójúde pẹ̀lú ẹni tó ra ilé Mista Harold, géńdé kan tó ní ọmọ kékeré méjì. Dádì ti fẹ̀yìntì, irùngbọ̀n tirẹ̀ náà ti funfun. Ó ń sọ fún ọkùnrin náà nípa ẹgbẹ́ onílù ọmọdé tó dára jù lọ ní gbogbo agbègbè yìí, pé ọmọbìnrin òun ló wà nídìí rẹ̀. “Ọjọ́ ìdíje ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀,” ó wí. Ó rí mi, kò sì dánu dúró. Mo wọlé. Mo wẹ gbogbo abọ́ tó wà nínú síńkì, pẹ̀lú àwọn tó mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo pe Àǹtí Mojí, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sí i létí. Mo ní bàbá yìí kò ní yí padà láéláé, mo ní irọ́ ti di òtítọ́ fún un, mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, “Yétú, èmi ni wọ́n ṣe é fún. Kí ló dé tó jẹ́ ìwọ ló ń dùn tó báyìí?”

Mo ní n kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, mo ní mo mọ̀. Mo ní, “Àǹtí Mojí, kì í ṣe Mọ́mì. Èmi ni mo yọ ìwé yẹn lábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì yín. Èmi ni mo gbé e lé orí Bíbélì. Ẹ jọ̀ọ́.”

Mo ń gbọ́ omi tó ń ṣàn nínú kíṣìnnì rẹ̀, mo sì gbọ́ nígbà tó pa á.

“Kí ni mo ṣe fún ẹ?”

Mo sọ ọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ Baltimore, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mú dípò mi. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń kéré sí i lẹ́nu mi, títí ó fi kù bí ohun tí ẹ̀fúùfù lè gbé lọ.

“Nítorí bọ́ọ̀sì,” ó wí. Ó tún un sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka orúkọ òògùn tí kò dá a lójú. “Gbogbo ọdún yìí tí mo fi yan Mọ́mì lódì.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bínú sí mi.”

“Dákẹ́,” ó wí. “Mo ti bínú sí Dádì tán tipẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe Mọ́mì, kí n bẹ̀ ẹ́. Tìrẹ, màá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.”